Ẹrù Kámẹ́rà Lórí Odò Térou

Agogo mẹ́ta ọ̀sán ni ayàwòrán kan máa ń di ẹrù rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ yóò kúrò létí odò. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ìkánjú ni. Ní Doguè, ní orílẹ̀-èdè Benin, ní àsìkò òjò, kò sí ohun tó gbẹ ní àfẹ̀mọ́júmọ́: ìrì wà lórí páànù, ìrì wà lára okùn, aṣọ tí a sá sẹ́yìnkùlé lálẹ́ àná ti mu omi padà. Ẹni bá di kámẹ́rà ní wákàtí yẹn, omi ni ó dì mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti mú láti àárọ̀ dé ọ̀sán, aṣọ tí a fi ń nu lẹ́ńsì, okùn tí a fi ń gbé kámẹ́rà kọ́rùn, fóòmù inú àpótí, gbogbo wọn á ti tú omi tí wọ́n mu sílẹ̀. Ìgbà náà ni ó máa ń pa àpótí dé, kò sì ní ṣí i mọ́ títí iṣẹ́ á fi dé.

N kò ní dárúkọ rẹ̀. Kò bẹ̀ mí níṣẹ́ ìpolówó. Àwòrán ìgbéyàwó àti ìkómọ ni ó fi ń jẹun ní Manigri, ṣùgbọ́n bí odò bá kún, àwọn tó ń ka igi àti ẹyẹ inú igbó a máa bẹ̀ ẹ́ kó bá wọn lọ sórí Térou, odò tó ń ṣàn lọ bá Ouémé. Igbó ìjọba Monts Kouffé àti ti Wari-Maro kò jìnnà síbẹ̀. Òjò ibẹ̀ tó bíi mílímítà 1,200 lọ́dún, láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá ni ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ tán. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, odò á dá, á ku adágún níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Oṣù tí odò gba ọkọ̀ gan-an, oṣù náà ni afẹ́fẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣeé fún bí aṣọ. Kò lè yan ìgbà gbígbẹ fún iṣẹ́ rẹ̀.

Doguè kì í ṣe àjèjì sí ẹ̀rọ inú àpótí. Ní ọdún 2000 ni àwọn onímọ̀ láti yunifásítì Bonn àti ti Cologne ní Jámánì mú iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n pè ní IMPETUS wá sí àgbègbè òkè Ouémé, tí wọ́n sì wọn òjò àti omi ní Aguima, odò kékeré kan nítòsí Doguè. Iṣẹ́ AMMA-CATCH, tí Faransé àti Benin jọ ń ṣe, ti bẹ̀rẹ̀ ní àgbègbè yẹn ṣáájú wọn, ní òpin àwọn ọdún 1990. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tó ń kọ ìṣirò sílẹ̀ tọ̀sán tòru nínú igbó láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, inú àpótí tí a dì pa ni ó ń gbé, pẹ̀lú ohun tó ń fa omi gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òjò a máa dá. Ọ̀rinrin kì í lọ.

Àpótí tí ọ̀gá yìí ń lò jẹ́ oníke líle, dúdú, tí rọ́bà yí etí ìdérí rẹ̀ ká. Ilé-iṣẹ́ Pelican, tí Dave Parker dá sílẹ̀ ní California ní 1976, ni ó sọ irú rẹ̀ di olókìkí. Tirẹ̀ jẹ́ àfarawé olówó pọ́ọ́kú tó rà lọ́jà. Ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí a bá mọ̀ ọ́n lò, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́kọ́ rí i pé ọ̀gá ni. Kó tó pa á dé, á fi ìka yí rọ́bà náà ká, díẹ̀díẹ̀, láì wo ibẹ̀. Ìka ni ó fi ń ríran. Hóró iyanrìn kan, fọ́nrán irun kan, èérún fóòmù tó yọ síta, ìkọ̀ọ̀kan wọn tó kí omi rí ọ̀nà wọlé. Bí ìka bá kan nǹkan, á nù ún kúrò, á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún un pé ó ti tó. N kò sọ ọ́.

Ìdí wà fún àṣejù yẹn. Àpótí dúdú tí oòrùn ti ń pa fún wákàtí méjì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á ti gbóná, á ti fẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, tí àpótí já sómi tútù, afẹ́fẹ́ náà á sún kì lójijì, àpótí á wá máa fa ohun tó wà níta mọ́ra. Omi ló sì wà níta. Àpótí olówó gọbọi ní ihò kékeré kan lára tí afẹ́fẹ́ lè gbà, tí omi kò lè gbà. Ti ọ̀gá yìí kò ní in, nítorí náà aṣọ funfun ni ó máa ń dà bò ó látìgbà tí ọkọ̀ bá ti ṣí títí tí yóò fi gúnlẹ̀.

Ohun tó wú mi lórí jù ni bí ó ṣe ń pinnu ohun tí òun kò ní dáàbò bò. Mo ti rí ayàwòrán tí ẹrù rẹ̀ kò lè tutù láéláé, tí kò sì rí àwòrán kankan yà, torí kó tó tú u tán ẹyẹ á ti fò lọ. Ní ti ọ̀gá yìí, kámẹ́rà tó ń ṣiṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀, lẹ́ńsì kan ṣoṣo lẹ́nu rẹ̀. Láílọ́ọ̀nù tó nípọn ni ó wọ̀ fún un, ojú lẹ́ńsì nìkan ló yọ síta, rọ́bà táyà tó gé tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó sì fi so láílọ́ọ̀nù náà mọ́ ọn. Èyí lè tutù. Ó ti fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ ni àpò rọ́bà kan wà, irú èyí tí a ń ká lẹ́nu, tó kó aṣọ ìnuwọ́, bátìrì àti lẹ́ńsì kejì sí. Á fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n kò ní fún un tán, kó lè léfòó bó bá ṣubú. Á ká ẹnu rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó há a. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó, ẹ̀ẹ̀mejì a máa tanni jẹ.

Inú àpótí ni kámẹ́rà kejì wà, àti káàdì tó ti kún. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí káàdì yẹn. Kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ, iye rẹ̀ lọ́jà kò tó nǹkan, òun ni ó sì ń gba ibi tó gbẹ jù nínú gbogbo ẹrù. Kámẹ́rà tó rì ṣeé rà padà lọ́jọ́ kan. Ẹyẹ tó fò lánàá kò ṣeé rà.

Lábẹ́ fóòmù ni àwọn àpò pẹ́lẹ́bẹ́ kan wà, irú èyí tí à ń bá nínú páálí bàtà tuntun tí a sì ń jù nù. Òun kì í jù wọ́n nù. Àwọn oníbàtà ń bá a kó wọn jọ. Silica gel ni hóró inú wọn. Ó lè mu omi tó ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bó bá ti yó, kò wúlò mọ́. Nítorí náà á tú àwọn hóró náà sínú agbada gbígbẹ, á gbé e ka iná èédú jẹ́ẹ́jẹ́ títí omi á fi kúrò lára wọn, á wá dà wọ́n sínú àpò aṣọ kéékèèké. Àwọn ayàwòrán àtijọ́ nílẹ̀ olóoru a máa fi ìrẹsì yíyan ṣe é. Ó ṣiṣẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun rẹ̀ a máa wọ inú ẹ̀rọ, kòkòrò náà sì mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe èyí tàbí tọ̀hún, lẹ́ńsì rẹ̀ á bu: olú wẹ́wẹ́ á ta fọ́nrán funfun sórí gíláàsì nínú òkùnkùn àpótí, oje rẹ̀ á sì jẹ ohun tí wọ́n fi bo gíláàsì náà lójú. Èèyàn lè nu olú ọ̀hún kúrò, àpá rẹ̀ kì í lọ.

Ìtàn kan wà tí àwọn onífíìmù fẹ́ràn láti máa sọ. Ní 1946, Jean Rouch, ará Faransé, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, Jean Sauvy àti Pierre Ponty, bẹ̀rẹ̀ sí í bá odò Ọya bọ̀ láti apá orísun rẹ̀. Ní 1947 ni wọ́n dé etí òkun. Rouch mú kámẹ́rà Bell & Howell oní-mílímítà-16 tó rà lọ́jà àlòkù dání. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí igi ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta tí kámẹ́rà ń dúró lé fi bọ́ sómi, ó sì di dandan kí Rouch máa fi ọwọ́ gbé e yàwòrán. Títí dòní ni wọ́n ń yin igi tó sọnù yẹn, pé òun ló bí irú fíìmù tí ọkùnrin náà wá fi gbajúmọ̀. Èmi, kámẹ́rà tí kò sọnù ni mò ń rò. Odò tó lé ní 4,000 kìlómítà, tó ní àpáta lọ́nà, pẹ̀lú fíìmù tí ooru àti ọ̀rinrin lè bà jẹ́ kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Síbẹ̀ fíìmù náà délé, inú rẹ̀ ni wọ́n sì ti yọ *Au pays des mages noirs*, níbi tí àwọn apẹja Sorko ti ń dọdẹ erinmi. Ẹnìkan di ẹrù yẹn dáadáa. N kò tíì gbọ́ kí wọ́n yìn ín.

Kí odò tó kàn, ọ̀nà wà, ọ̀pọ̀ ni kì í sì í ka ọ̀nà sí. Wọ́n á so àpótí mọ́ ẹ̀yìn zém, alùpùpù akérò, wọ́n á gba orí ilẹ̀ pupa, gbígbọ̀n alùpùpù á sì ti tú ìdè wẹ́wẹ́ inú lẹ́ńsì kí wọ́n tó fojú kan omi. Orí itan ni òun máa ń gbé tirẹ̀ lé.

Ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ̀ jẹ́ igi gbígbẹ́, ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣaláì lómi nísàlẹ̀, bó ti wù kí atukọ̀ máa fi igbá gbọ́n ọn tó. Á kọ́kọ́ to igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí ìbú ọkọ̀ ní àárín, níbi tí ìwúwo ẹrù kò ti ní mú un yí, kó tó gbé àpótí lé wọn. Atukọ̀, bàbá àgbà kan, rí ìjókòó tó dára.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jókòó lé e.”

“Ọmọ mi, kí ló wà nínú ẹ̀ tí ìdí mi ò tó gbé lé?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó ká aṣọ tirẹ̀ fún bàbá láti jókòó lé.

Ẹjọ́ kan wà tí kì í tán láàárín àwọn tó ń gbé kámẹ́rà lójú omi: ká so àpótí mọ́ ọkọ̀ ni, àbí ká má so ó? Ẹni tó so ó ní kò fẹ́ kí odò gbé e lọ. Ẹni tí kò so ó ní ọkọ̀ tó dojú dé, tó há sáàárín igi, á fi àpótí náà gbá gbòǹgbò títí á fi ṣí, okùn sì lè mú ẹsẹ̀ èèyàn mọ́lẹ̀. Níbi tí omi bá dákẹ́, ọ̀gá yìí a máa fi rọ́bà táyà kúkúrú so ó, pẹ̀lú kókó tí fífà kan ṣoṣo ń tú. Bí wọ́n bá ti ń wọ ibi tí ẹ̀ka igi ti bo odò, tí omi sì ń yára, á tú u. Mo fara mọ́ ọn. Àpótí tó léfòó, a lè lọ bá a níbi tí odò bá gbé e dé. Okùn gígùn nínú omi tó ń sáré, ikú ni.

Kì í pààrọ̀ lẹ́ńsì lórí ọkọ̀. Kì í fi ọwọ́ tútù ṣí àpò. Bí kámẹ́rà bá sì já sómi, kò ní tàn án wò, bó ti wù kó máa ṣe é tó. Bátìrì ni yóò kọ́kọ́ yọ, káàdì ló tẹ̀ lé e, á wá dojú kámẹ́rà kọlẹ̀ kí omi ro jáde.

Bí wọ́n bá padà dé, kì í sùn kó tó tú káàdì jáde. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, á ṣí gbogbo nǹkan sílẹ̀ sábẹ́ òrùlé tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, á da àwọn hóró yẹn padà sínú agbada. Ọ̀sán kan fún dídì, ọ̀sán kan fún títú. Mo wo iye tó kọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀: àwòrán nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ní kó fi owó ẹrù dídì kún un. Ó ní wọn ò ní san án.