Ìlérí "Títí Ayé" Tí CNN+ Ṣe

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn CNN ní Amẹ́ríkà ṣí CNN+, tí ènìyàn lè máa wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ó bá ti san dọ́là 5.99 lóṣù. Wọ́n ní ẹni tó bá tètè forúkọ sílẹ̀ yóò máa san ìdajì owó náà títí ayé. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin, wọ́n tì í pa. Ayé náà kò ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ pé àwọn òǹwòran ni kò fẹ́ ẹ. Lóòótọ́, ìròyìn tó jáde nígbà náà sọ pé àwọn tó ń wò ó lójúmọ́ kò tó 10,000. Ṣùgbọ́n ta ló ń ka oníbàárà ṣọ́ọ̀bù tí kò tíì pé oṣù kan, tí yóò sì fi ìyẹn dájọ́ ikú fún un?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọjà tí wọ́n ń tà. Ìròyìn ni a mọ̀ mọ́ CNN. Ṣùgbọ́n àdéhùn tó wà láàárín CNN àti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń gbé tẹlifíṣàn wọ ilé àwọn ará Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí ó lè gbé ìkànnì CNN gan-an sórí CNN+ bí ó ṣe ń lọ lọ́wọ́. Owó ńlá ni àwọn yẹn ń san. CNN kò lè mú wọn bínú. Nítorí náà, Jake Tapper ń sọ̀rọ̀ lórí ìwé (èyí ìbá wù mí wò), Anderson Cooper ń sọ̀rọ̀ lórí ọmọ títọ́, Chris Wallace, tó fi Fox News sílẹ̀, ń fọ̀rọ̀ wá àwọn gbajúmọ̀ lẹ́nu wò. Ó dà bí ìyá olóúnjẹ tí gbogbo ìlú mọ̀ mọ́ àmàlà, tó ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì, ṣùgbọ́n tí kò gbọdọ̀ ta àmàlà níbẹ̀.

Síbẹ̀, ohun tó bí mi nínú jù kò sí lára àwọn ètò náà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, AT&T, tó ni CNN nígbà náà, ti kéde pé òun yóò da WarnerMedia pọ̀ mọ́ Discovery. Oṣù Keje ni CNN wá kéde CNN+. Wọ́n mọ̀ pé onílé tuntun ń bọ̀, wọ́n sì ń kọ́ yàrá tí kò ní kí wọ́n kọ́. Ọjọ́ mẹ́wàá péré lẹ́yìn tí CNN+ bẹ̀rẹ̀ ni ilé bọ́ sọ́wọ́ Warner Bros. Discovery. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin, wọ́n sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé ó ti parí.

Àwọn kan ní ó sàn kí a tètè dá owó tó ń jò dúró. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ètò Wallace rí àyè lórí HBO Max. Àwọn tí a kò mọ orúkọ wọn, tí wọ́n ń gé fídíò, tí wọ́n sì ń tún ohùn ṣe, ni wọ́n ní kí wọ́n lọ wá iṣẹ́ mìíràn.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, CNN Max bẹ̀rẹ̀. Ìròyìn tó ń lọ lọ́wọ́, ọjà tí CNN+ kò gbọdọ̀ tà, ni wọ́n kọ́kọ́ pàtẹ.