Kí Ẹ̀kọ́ Tó Dé: Ẹranko Ìgbẹ́ àti Ìyanu nínú Ìjálá

Láti ọdún 1966 tí ìwé Adébóyè Babalọlá lórí ìjálá ti jáde, oríkì ẹranko kò ṣàjèjì mọ́ nínú ìwádìí lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá. Erin, ẹfọ̀n, ẹkùn, ìgalà, ọ̀bọ: gbogbo wọn ni àwọn lámèyítọ́ ti mẹ́nu bà. Síbẹ̀, ibì kan náà ni ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò yìí ń fẹnu sọlẹ̀ sí. Lámèyítọ́ á ka oríkì tán, á sì béèrè ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún ọmọ ènìyàn. Erin á di àmì ọlá, ẹkùn á di àmì ìgboyà. Nígbà tí ó bá ti di àmì tán, ẹranko fúnra rẹ̀ kò wúlò fún àyẹ̀wò náà mọ́. Ìkánjú yìí ni ó ń fi ohun tí ó dára jù nínú ìjálá pamọ́ fún àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀.

Ó jọ pé inú àlọ́ ni àṣà náà ti wá. Ìjàpá inú àlọ́ ní ìyàwó, ó ní àna, ó ń jẹ gbèsè, ó ń jí iṣu oníṣu wà. Ènìyàn ni, ìkarahun ni ó kàn gbé wọ̀. Ẹni tí kò rí ahun rí láyé lè gbádùn àlọ́ náà láìpàdánù nǹkan kan. Ẹ̀kọ́ sì jẹ́ ara ìhun àlọ́: apàlọ́ á sọ ọ́ kí ó tó dákẹ́. Ìjálá kò ní irú ìparí bẹ́ẹ̀. Oníjàálá lè ti orí erin bọ́ sórí ìrókò, kí ó ti ibẹ̀ kí ìdílé kan, kí ó tọrọ ẹmu, kí ó sì má dúró níbì kankan láti sọ ohun tí erin kọ́ni. Kíkí ni ó ń kí i. Ẹni tí a sì ń kí, bí ẹni tí ó wà níwájú ẹni ni: ó ní ara, ó ní ìrìn, ó ní ohùn tirẹ̀.

Ara yìí ni ó yẹ kí lámèyítọ́ kọ́kọ́ wò. Ọ̀nà tí erin là sínú igbó, igi tí ó wó kọjá. Ìbínú ẹfọ̀n tí ọta bà tí kò kú. Fífò ọ̀bọ láti orí igi dé orí igi. Àmì funfun tí ó wà lára ìgalà: ìmọ̀ iṣẹ́ ni gbogbo èyí kí ó tó di ewì. Ọdẹ tí kò mọ̀ pé ẹfọ̀n tí ó fara gbọgbẹ́ lè yí padà sí òun lè má délé. Nítorí náà, ìyanu inú ìjálá kì í ṣe ti ẹni tí ó dúró lókèèrè tí ó ń ṣe sàdáńkátà. Ẹ̀rù wà nínú rẹ̀, ebi náà sì wà níbẹ̀. Kò ṣòro láti rí oníjàálá tí ó yin ẹwà ẹranko, tí ó sì bọ́ sórí adùn ẹran rẹ̀ láìmí èémí. Ẹnu tí ó ń kì í ni yóò jẹ ẹ́. Bóyá ibi tí ìjálá ti le jù nìyí, àwọn lámèyítọ́ sì sábà máa ń fò ó dá, nítorí pé kò sí ẹ̀kọ́ ìwà rere tí ó gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ra.

Èyí kò wá sọ pé gbogbo oríkì ẹranko ni ó bá ohun tí ojú rí mu. Edun ni àpẹẹrẹ tí ó tako àríyànjiyàn yìí. Ìbejì àti edun kò ṣe é yà nínú èrò Yorùbá, ó sì hàn nínú oríkì àti nínú orúkọ bí Edunjọbí. Bẹ́ẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo ni edun sábà máa ń bí. Níhìn-ín, ìgbàgbọ́ ni ó ṣáájú, ojú ọdẹ sì tẹ̀ lé e. Òkété inú ẹsẹ Ifá yàtọ̀ díẹ̀. Ìtàn rẹ̀ dá lórí ẹni tí ó bá Ifá mulẹ̀ tí ó sì dalẹ̀, ẹ̀kọ́ náà sì ṣe kedere. Ṣùgbọ́n òkété gidi náà ń gbé inú ihò, òru ni ó ń jáde, ó sì máa ń kó oúnjẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ pamọ́. Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi òkété ṣe ọ̀dàlẹ̀ ti ṣọ́ ọ dáadáa.

Tí a bá gbé Fágúnwà sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí, ìyàtọ̀ náà á túbọ̀ hàn. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938), ẹ̀kọ́ ní ilé tirẹ̀ àti olùkọ́ tirẹ̀: ọ̀dọ̀ Ìrágbèje ni àwọn ọdẹ ti jókòó gbọ́ ọ. Ògòǹgò sì ni ọba ẹyẹ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹyẹ pápá gbalasa ni ògòǹgò, kì í gbé inú igbó kìjikìji. Èyí kì í ṣe àbùkù fún Fágúnwà. Inú ọ̀rọ̀ ni igbó rẹ̀ ti hù. Àmọ́ kò yẹ kí a fi ojú tí a fi ń ka igbó yẹn ka igbó oníjàálá.

Ọ̀rọ̀ náà ti di kánjúkánjú báyìí. Erin ṣì wà nínú Igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń gbọ́ ìjálá níbi ìgbéyàwó tàbí lórí rédíò kò sì rí ẹsẹ̀ erin nílẹ̀ rí. Oríkì ṣì ń dún, olóríkì ti ń lọ. Ìwé kò sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Nínú àlàyé ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́yìn àwọn àkójọpọ̀ ewì, ẹtu á jẹ́ “irú ẹranko kan”, ìgalà náà á sì jẹ́ “irú ẹranko kan”, bẹ́ẹ̀ ẹtu kéré, ìwo rẹ̀ kúrú, nígbà tí ìgalà ga jù ú lọ, tí ìwo rẹ̀ sì lọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí lọ́wọ́ lè fa ẹ̀kọ́ yọ nínú oríkì méjèèjì. Ohun tí kò ní lè sọ ni èwo nínú oníjàálá méjì ni ó mọ iṣẹ́ ju èkejì lọ, nítorí kò mọ ohun tí àwọn méjèèjì ń wò.