Àlàáfíà Dé, Ẹjọ́ Kò Tíì Parí: Lámèyítọ́ Fíìmù Pray the Devil Back to Hell

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibi ìpàdé àlàáfíà ní Akra, lóṣù Keje ọdún 2003, àwọn obìnrin Làìbéríà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n fi apá kọ́ apá, wọ́n dí ẹnu ọ̀nà pa. Inú yàrá ni àwọn aṣojú Charles Taylor, ààrẹ Làìbéríà nígbà náà, àti ti ẹgbẹ́ ọlọ́tẹ̀ méjèèjì, LURD àti MODEL, wà. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni wọ́n ti ń jẹ, tí wọ́n ń mu, tí wọ́n ń du ipò, nígbà tí ọta ìbọn ń pa ará ìlú ní Monrovia. Àwọn obìnrin náà ní ẹnikẹ́ni kò ní í jáde. Nígbà tí ẹ̀ṣọ́ fẹ́ mú aṣáájú wọn, Leymah Gbowee, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú gèlè: ó fẹ́ bọ́ra sí ìhòòhò. Kò sí ọmọ Yorùbá tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa làdí ìyẹn fún. Ìyá ọlọ́mọ tó bá fi ìbínú bọ́ra ní gbangba, ọkùnrin kì í dúró wò ó. Ẹ̀ṣọ́ fà sẹ́yìn. Olùlàjà àgbà, Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar tó ti ṣe olórí Nàìjíríà rí, ló wá ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Ìran yìí ni ọkàn fíìmù tí Gini Reticker darí, tí Abigail Disney sì ṣe agbátẹrù rẹ̀, èyí tó gba ẹ̀bùn ní àjọ̀dún Tribeca ní 2008. Iṣẹ́ ọwọ́ tó dáńtọ́ ni. Kò sí asọ̀tàn kankan tó ń darí wa. Àwọn obìnrin náà ló ń sọ tẹnu wọn. Gbowee wà níbẹ̀, Etweda Cooper tí wọ́n ń pè ní Sugars wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Asatu Bah Kenneth, ọlọ́pàá tó jẹ́ Mùsùlùmí, tó dìde láàárín àwọn Kìrìsìtẹ́nì pé àwọn Mùsùlùmí náà yóò dara pọ̀ mọ́ wọn. A rí wọn nínú aṣọ funfun ní pápá ẹ̀bá ọjà ẹja, lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ Taylor ń gbà kọjá, oòrùn ń pa wọ́n, òjò ń pa wọ́n. Àwòrán irú èyí ṣọ̀wọ́n, torí ọmọkùnrin tó gbé ìbọn ni kámẹ́rà àwọn akọ̀ròyìn òkèèrè ń lé kiri nígbà náà. Wíwá tí wọ́n wá ìwọ̀nba tó kù jọ, mo gbóríyìn fún wọn púpọ̀.

Ibi tí mo ti bá fíìmù náà jà ni ọ̀rọ̀ ìdájọ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 2003, ọjọ́ tí ìpàdé ṣí gan-an, ilé ẹjọ́ pàtàkì fún Sierra Leone gbé ẹ̀sùn ọ̀daràn ogun tó fi kan Taylor síta. Taylor wà ní Akra lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìjọba Gánà kò mú un. Ó padà sílé. Ọ̀pọ̀ olóṣèlú àgbáyé ní ẹ̀sùn yẹn yóò da ìpàdé rú. Lójú tèmi, òun gan-an ló ṣẹ́ Taylor lápá: láti ọjọ́ yẹn, kò lè jókòó sídìí tábìlì kankan bí ààrẹ mọ́. Fíìmù náà kàn fọwọ́ bà á, ó kọjá.

Kò tún bi wá léèrè iye tí wọ́n ra àlàáfíà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ, Taylor gbéjọba sílẹ̀, ó sì forí lé Calabar, níbi tí Ààrẹ Ọbásanjọ́ ti fún un ní ibùgbé. Àwa ọmọ Nàìjíríà mọ bí èyí ṣe dùn wá tó. Àwọn ọmọ ogun Taylor ti pa akọ̀ròyìn wa méjì ní 1990. Ọjọ́ 18 ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ní Akra. Apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń jagun gba ipò mínísítà márùn-ún márùn-ún, àti àga 12 lọ́kọ̀ọ̀kan nílé aṣòfin. Ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ ní Monrovia, ẹni tó ṣe é lè di ọlọ́lá tó ń ṣòfin lé e lórí. Ìgbìmọ̀ òtítọ́ àti ìlàjà nìkan ni wọ́n fi ṣèlérí fún un.

N kò dá àwọn obìnrin náà lẹ́bi rárá. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń kú lọ́wọ́, kí ìbọn dákẹ́ ló kọ́kọ́ fẹ́. Olùdarí fíìmù ni mo ń bá wí, tó fi ìdìbò tó sọ Ellen Johnson Sirleaf di ààrẹ pa ìtàn náà dé bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ ti yanjú. Kí fíìmù náà tó jáde, wọ́n ti mú Taylor ní ẹnubodè Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù lóṣù Kẹta 2006. Nígbà tí wọ́n fún un ní ẹ̀wọ̀n 50 ọdún ní 2012, ọ̀ràn Sierra Leone nìkan ni. Ní 2009, ìgbìmọ̀ òtítọ́ Làìbéríà ní kí wọ́n dá ilé ẹjọ́ sílẹ̀ fáwọn ọ̀gá ogun, ó sì fi orúkọ Sirleaf fúnra rẹ̀ kún àwọn tí kò yẹ kí wọ́n dipò mú fún 30 ọdún. Àbá náà wà nílẹ̀ títí di oṣù Karùn-ún 2024, kí Ààrẹ Joseph Boakai tó buwọ́ lu àṣẹ tó dá ọ́fíìsì tí yóò ṣètò ilé ẹjọ́ náà sílẹ̀.

Ẹ wo fíìmù yìí, kẹ́ ẹ sì fi han àwọn ọmọ yín. Èyí tí mo ń retí ni ìkejì rẹ̀: kí ẹnìkan gbé kámẹ́rà padà lọ bá àwọn ìyá ọjà ẹja, kó bi wọ́n léèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ rí níwájú adájọ́.