Agon: Ijó Balanchine, Orin Stravinsky

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà ni ọ̀rọ̀ Igor Stravinsky, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú orin, àti George Balanchine, ọ̀gá oníjó báléètì, ọmọ Rọ́ṣíà méjì tí wọ́n fi Amẹ́ríkà ṣe ilé. Nígbà tí wọ́n gbé ijó báléètì wọn, Agon, jáde ní New York ní ọdún 1957, kò sí ìtàn ọba tàbí ti iwin nínú rẹ̀, bí kò ṣe oníjó 12 nínú aṣọ ìdánrawò lásán. Ọkùnrin mẹ́rin ni ó kọ́kọ́ dúró, tí wọ́n kẹ́yìn sí òǹwòran. Èyí tí ó wù mí jù ni ijó ẹlẹ́ni-méjì, níbi tí Arthur Mitchell, ọmọ adúláwọ̀, ti dùbúlẹ̀ gbalaja láìjọ̀wọ́ Diana Adams, obìnrin aláwọ̀ funfun tí ó dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà sì gbòde nígbà náà. Ẹni tí ó bá pè é ní ijó tútù kò tíì wò ó dáadáa.