Ìràwọ̀ Mẹ́ta Kì í Ṣe ti Kọ́nẹ́ẹ̀lì

Nínú fíìmù Yorùbá kan tí mo wò, tí n kò ní dárúkọ, kọ́nẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pe ọ̀gá àwọn sójà. Ó ń jágbe, àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ mẹ́ta péré ló wà léjìká rẹ̀. Nínú iṣẹ́ ológun Nàìjíríà, kápítéènì ló ni ìràwọ̀ mẹ́ta. Idì kan ni ti méjọ̀. Idì kan àti ìràwọ̀ méjì ni ti kọ́nẹ́ẹ̀lì. Ibi tí idì yẹn bà sí, adé ọba Gẹ̀ẹ́sì ló wà níbẹ̀ láyé ìjọba amúnisìn. Ìtàn orílẹ̀-èdè ni wọ́n lẹ̀ mọ́ èjìká òṣèré yẹn bí ẹni lẹ bọ́tìnnì.

Ẹrù tó gbé tilẹ̀ burú ju èjìká lọ. Wọ́n wọ ẹ̀wù alápò púpọ̀ fún un, irú èyí tí sójà ń wọ̀ sáyà láti fi kó ọta ìbọn, omi, báńdéèjì àti rédíò. Gbogbo àpò náà ló tẹ́ pẹrẹsẹ. Báàgì ẹ̀yìn rẹ̀ náà ṣófo, bẹ́ẹ̀ ìtàn sọ pé ọjọ́ mẹ́ta ló ti lò nínú igbó. Kí ló ń jẹ? Kí ló fi ń bora?

Ohun tó ń dùn mí ni pé a mọ̀ ọ́n ṣe. Tí fíìmù bá gbé ọdẹ jáde, gbérí rẹ̀ á ní oògùn lára, àdó á wà níbi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o, àpò á wú nítorí nǹkan wà nínú rẹ̀. Ta ló jẹ́ gbé làbà, àpò awọ tí àwọn oníṣàngó fi ń kó ẹdùn àrá, kọ́ ẹni tó ń bọ Ògún léjìká? Ìyá mi, tí kì í bá fíìmù jà, á pariwo.

Ẹ wo Saworoidẹ tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1999. Lágàta, sójà, fi ipá gba ìjọba Jogbo, ó sì gbé adé lé ara rẹ̀ lórí. Ìlù saworoidẹ dún, adé yẹn ló pa á. Gbogbo ìtàn náà dúró lórí pé àmì oyè ní ẹni tó tọ́ sí. Jogbo kò sì sí lórí máàpù. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù òfin tó ka aṣọ sójà léèwọ̀ fún aráàlú lè dá ìlú tirẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó ya àmì tirẹ̀. Kó ṣáà jẹ́ pé ti ọ̀gá yàtọ̀ sí ti ọmọ iṣẹ́.

Àwọn kan á ní eré ṣá ni. Ṣùgbọ́n àwọn adigunjalè ń wọ aṣọ sójà dínà lóru, ohun tí wọ́n sì gbójú lé ni pé aṣọ alámì ewé àti bàtà gígùn ti tó láti mú wa dọ̀bálẹ̀. Ṣé a ò kọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n? N kò sọ pé kíka ìràwọ̀ lè dá ọta ìbọn dúró o. Mo ń sọ pé fíìmù yìí kò fẹ́ ká wo èjìká náà rárá. Ìbẹ̀rù wa nìkan ló ń wá.

Lápá ìparí, kọ́nẹ́ẹ̀lì dé ilé, ó bọ́ ẹ̀wù alápò náà, ó jù ú sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó balẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìborùn.