Kọ́míìkì Àtijọ́ ní Midrand
Ní Midrand, láàárín Johannesburg àti Pretoria, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe Comic Con Africa lọ́dún 2018. Níbi ìpàtẹ irú èyí, inú páálí gígùn ni àwọn oníṣòwò máa ń to kọ́míìkì àtijọ́ sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rá tirẹ̀.

Olùrà tó mojú ọjà kì í kánjú. Ibi tí ìwé ti ṣẹ́po ló kọ́kọ́ ń wò: bí píìnì tó dè é bá ti dípẹtà, owó ti wálẹ̀ nìyẹn. Yóò ṣí i wò lójúewé-lójúewé, torí ọmọ tó kọ́kọ́ ni ín lè ti fi àlùmọ́gàjí gé nǹkan lára rẹ̀. Pépà olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ìmọ́lẹ̀ sì ń sọ ọ́ di pípọ́n. Lórí òdiwọ̀n 0.5 sí 10 tí àwọn olùkójọ fi ń sọ bí ìwé ṣe dára tó, àbùkù kékeré lè mú owó gọbọi lọ. Ẹ̀yìn àyẹ̀wò yìí ni ìnájà ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó kó mẹ́fà papọ̀ lẹ́nu ọ̀rọ̀ ju ẹni tó mú ẹyọ kan.

Àwọn tí wọ́n ṣe fún ọjà Áfíríkà ṣòro rí. Powerman, tí Dave Gibbons àti Brian Bolland yàwòrán rẹ̀ fún ọjà Nàìjíríà láàárín ọdún 1970 sí 1979, kí òkìkí wọn tó kàn, jẹ́ ọ̀kan lára wọn.