Ohun Tí Ojú Títì Ń Sọ: Àwọn Onífọ́tò Íńdíà Àti Àwa

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé a mọ Íńdíà, nítorí fíìmù wọn tí a ti ń wò ní sinimá láti kékeré: orin, ijó, ìfẹ́ àti ìjà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ní ìgboro Delhi tàbí Mumbai, iṣẹ́ àwọn onífọ́tò ojú títì ni kó wò. Méjì nínú wọn, tí wọ́n bí ní 1942, ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín: Raghu Rai àti Raghubir Singh.

Ẹ jẹ́ ká ti orí òṣèlú bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹfà 1975, Ìyáàfin Indira Gandhi tó jẹ́ olórí ìjọba kéde ìjọba pàjáwìrì. Wọ́n ju àwọn alátakò sẹ́wọ̀n, wọ́n sì ń yẹ ìwé ìròyìn wò kí ó tó jáde. Ní oṣù kẹta 1977, ará ìlú dìbò, ìyáàfin náà sì fìdí rẹmi, kódà ní ẹkùn ìdìbò tirẹ̀. Nínú fọ́tò tí Raghu Rai yà lẹ́yìn ìbò náà, kò sí olóṣèlú tó ń juwọ́ sí èrò. Agbálẹ̀ ìgboro kan ló wà níbẹ̀, tó ń kó ìwé ìpolongo tí àwòrán Indira Gandhi wà lára rẹ̀ mọ́ ìdọ̀tí. Ẹni tí gbogbo ìlú ń bẹ̀rù ti di ohun tí à ń gbá. Àpilẹ̀kọ wo ló lè sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀?

Ní 1995, ó tún ya fọ́tò kan ní ibùdókọ̀ rélùwéè Churchgate ní Mumbai. Ó fi ojú kámẹ́rà sílẹ̀ ní ṣíṣí pẹ́ díẹ̀, nítorí náà àwọn èrò tó ń sáré lọ di bí èéfín. Àwọn tó jókòó tí wọ́n ń ka ìwé ìròyìn nìkan ló hàn kedere. Ẹni tó bá ti jí lọ síbi iṣẹ́ ní ìlú ńlá rí yóò mọ̀ pé òótọ́ ni.

Raghubir Singh ní tirẹ̀ gbà pé kò sí Íńdíà láìsí àwọ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ àgbà onífọ́tò ka dúdú àti funfun sí iṣẹ́ gidi. Ìwé rẹ̀, A Way into India, jáde ní 2002, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ọkọ̀ Ambassador, tí wọ́n ń ṣe ní Íńdíà títí di 2014, ló gba inú rẹ̀ kan. Ó ń ti inú ọkọ̀ ya ìgboro, débi pé ilẹ̀kùn àti dígí pín fọ́tò sí méjì mẹ́ta. Mínísítà ń gùn ún, òun náà ni takisí. Ẹ̀yin tí ẹ rántí Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná, tí ọ̀gá ìjọba ń gùn tí èrò Èkó náà ń gùn, ẹ ó mọ ohun tí à ń wí.

Iṣẹ́ wọn kò ṣàìní àléébù. A mọ orúkọ ìyáàfin inú ìwé ìpolongo, ṣùgbọ́n fọ́tò náà kò sọ orúkọ agbálẹ̀ fún wa. Olówó lè ní kí onífọ́tò kúrò níwájú òun. Ta ni tálákà yóò sọ fún? Àwọ̀ mèremère Raghubir Singh náà sì lè mú wa gbàgbé ìyà. Síbẹ̀, a kò rí ẹ̀gàn nínú iṣẹ́ àwọn méjèèjì.

Àwa ńkọ́? Láìpẹ́ yìí, a fẹ́ fi ibi tí ìsọ̀ ìyá àwọn ọmọ wa wà han àwọn ọmọ, kí wọ́n tó wó o láti fẹ títì. A tú gbogbo álúbọ́ọ̀mù. Léèsì, kéèkì àti alága ayẹyẹ ló kún ibẹ̀. Ẹ̀yìn àwọn tó ń jó níbi ìsọmọlórúkọ kan la ti rí ààbọ̀ ilẹ̀kùn ìsọ̀ náà. Ìsọ̀ tó fi ogún ọdún bọ́ wa, ààbọ̀ ilẹ̀kùn ló kù!

Ẹ̀yin òbí, fóònù tó ń ya fọ́tò wà lọ́wọ́ gbogbo wa báyìí. Ẹ ya ayẹyẹ, ṣùgbọ́n ẹ ya ojú títì, ọjà àti aládùúgbò pẹ̀lú, kí ẹ tọrọ àyè, kí ẹ sì kọ orúkọ wọn sẹ́yìn rẹ̀.